Àwọn wo ni orúkọ wọn wà lára òpópónà ìlú Vietnam, àwọn wo ni a sì yọ kúrò?

Òǹkàwé_Ìtàn béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ìtàn orílẹ̀-èdè Vietnam, ohun kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ là yé mi. Nígbà tí mo wo máàpù ìlú Hanoi, tí mo wo ti Hue, tí mo sì wo ti ìlú Ho Chi Minh tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ṣì ń pè ní Saigon, àwọn orúkọ kan náà ni mo ń bá pàdé lára àwọn òpópónà: Hai Ba Trung, Tran Hung Dao, Nguyen Trai, Nguyen Du, Phan Boi Chau.

Ohun tó rú mi lójú ni pé láti ọdún 1954 títí di ọdún 1975, ìjọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní Àríwá àti Gúúsù Vietnam, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn jagun gidigidi. Ẹni tó bá borí nínú irú ogun bẹ́ẹ̀ a máa pa orúkọ àwọn akọni ẹni tó ṣẹ́gun rẹ́. Kí ló wá dé tí àwọn orúkọ wọ̀nyí fi dúró ní ìhà méjèèjì? Ta ni wọ́n jẹ́ gan-an? Ǹjẹ́ àwọn kan wà tí a yọ orúkọ tiwọn kúrò? Ní tèmi, bí a bá ti mú Ho Chi Minh àti Ọ̀gágun Vo Nguyen Giap kúrò, kò sí ọmọ Vietnam mìíràn tí mo lè sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe to orúkọ fún mi lásán. Mo fẹ́ mọ èrò yín nípa àwọn ènìyàn náà pẹ̀lú.

Akọ̀wé_Àtijọ́ dáhùn pé:

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ tí ẹ kà yẹn ti wà ní Saigon kí ìjọba Àríwá tó wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí agbára Faransé kúrò nílẹ̀, ìjọba Gúúsù tí Ngo Dinh Diem jẹ́ olórí rẹ̀ ni ó pa orúkọ àwọn ọ̀gágun ojú omi Faransé rẹ́ ní ọdún 1955, tí òpópónà Bonard fi di Le Loi, tí Charner sì di Nguyen Hue. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Àríwá wọ ìlú náà ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 1975, àwọn akọni tí àwọn fúnra wọn ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa wọn ni wọ́n bá lára pátákó òpópónà, wọn kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi yọ wọ́n. Ìhà méjèèjì ni ó gbà pé ẹni tó bá lé àjèjì kúrò lórí ilẹ̀ ni akọni. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ta ni àrólé irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Hai Ba Trung jẹ́ obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, Trung Trac àti Trung Nhi, tí wọ́n dìde sí ìjọba Han ti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 40 Sànmánì Tiwa, tí wọ́n sì ṣàkóso títí Ọ̀gágun Ma Yuan fi ṣẹ́gun wọn ní ọdún 43. Tran Hung Dao ni ó darí ogun sí àwọn Mongol ní ọdún 1285 àti ọdún 1288. Nínú ogun ọdún 1288, ó ri àwọn òpó igi tí orí wọn mú ṣóṣó mọ́ ìsàlẹ̀ odò Bach Dang, ó tan àwọn ọkọ̀ ọ̀tá wọlé nígbà tí omi kún, ó sì dúró títí omi fi fà, tí àwọn ọkọ̀ náà fi há sórí àwọn òpó. (Ọgbọ́n kan náà ni Ngo Quyen ti lò ní odò kan náà ní ọdún 938, nítorí náà mo rò pé àwọn ọ̀gágun Mongol kò ka ìtàn tó.)

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn dáadáa, Nguyen Trai ni kí ẹ mú. Ọ̀mọ̀wé ni, kì í ṣe jagunjagun. Nígbà tí ìjọba Ming gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1407, wọ́n kó bàbá rẹ̀ ní ìgbèkùn lọ sí Ṣáínà. Lẹ́yìn náà ni òun lọ bá Le Loi, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìdìtẹ̀ ní Lam Son ní ọdún 1418, ó sì di olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó ń tẹnu mọ́ ni pé ọkàn ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ ṣẹ́gun kí a tó dojú kọ odi ìlú. Ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gágun Ming tó há sínú odi, ó ń fi ọ̀rọ̀ rọ̀ wọ́n, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà wọ́n, àwọn kan nínú wọn sì jọ̀wọ́ odi wọn láìjà. Nígbà tí ogun parí ní òpin ọdún 1427, wọn kò pa àwọn ọmọ ogun Ming tó ṣẹ́kù; wọ́n fún wọn ní ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin àti oúnjẹ kí wọ́n lè padà sílé. Ní ọdún 1428, Nguyen Trai kọ ìkéde ìṣẹ́gun tí a ń pè ní Binh Ngo dai cao, èyí tí àwọn ọmọ Vietnam kà sí ọ̀kan nínú àwọn ìkéde òmìnira wọn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe san án fún un. Ní ọdún 1442, ọba ọ̀dọ́ Le Thai Tong, ọmọ Le Loi, bẹ ọkùnrin àgbà yìí wò, nígbà tó sì ń padà lọ, ó kú lójijì lóru ní Le Chi Vien, níbi tí Nguyen Thi Lo, aya Nguyen Trai, ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin náà ló pa ọba. Wọ́n pa Nguyen Trai, wọ́n sì pa ìdílé rẹ̀ títí dé ìran mẹ́ta. Ní ọdún 1464 ni Le Thanh Tong, ọmọ ọba tó kú náà, tó kéde pé Nguyen Trai kò jẹ̀bi. Nítorí náà, òpópónà Le Loi àti òpópónà Nguyen Trai lè súnmọ́ ara wọn ní ìlú kan báyìí, ṣùgbọ́n ìdílé ti àkọ́kọ́ ni ó pa ìdílé ti ìkejì run.

Olùgbé_Etí_Odò dáhùn pé:

Mo kí Akọ̀wé_Àtijọ́ fún àlàyé yìí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé lílé àjèjì nìkan ni wọ́n fi ń díwọ̀n ènìyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí a yọ kúrò kì bá ti fa àríyànjiyàn.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ Nguyen Hue àti Gia Long yẹ̀ wò. Nguyen Hue, tó jọba pẹ̀lú orúkọ Quang Trung, ni ó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Qing ti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1789, ní àkókò Tet, ìyẹn ọdún tuntun wọn, gan-an, nígbà tí àwọn ọ̀tá rò pé gbogbo ènìyàn ń ṣe àríyá. Gia Long ni ó ṣẹ́gun ìdílé Nguyen Hue, tó sì so gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀ láti àríwá dé gúúsù ní ọdún 1802. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni orúkọ Viet Nam fúnra rẹ̀ di orúkọ orílẹ̀-èdè ní ọdún 1804. Ìjọba Gúúsù fún àwọn méjèèjì ní òpópónà ní Saigon. Lẹ́yìn ọdún 1975, Nguyen Hue dúró sí ipò rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tó lókìkí jù ní ìlú náà títí di òní. Ti Gia Long di Ly Tu Trong, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́gbẹ́ Kọ́múníìsì kan tí àwọn Faransé pa ní ọdún 1931 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ẹ̀ṣẹ̀ Gia Long ni pé ó gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tó ń jà fún ìtẹ́, àti pé ìdílé rẹ̀ ni ó wà lórí oyè nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ náà. Ní ojú mi, ìdájọ́ yìí le jù. Kò rọrùn láti pa orúkọ ẹni náà rẹ́ kí a sì máa jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè tó fi lélẹ̀.

Ti Phan Thanh Gian tún dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni aṣojú ọba tó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1862 tó fún Faransé ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní gúúsù. Ní ọdún 1867, nígbà tí ọkọ̀ ogun Faransé dé iwájú Vinh Long, ó rí i pé kò sí bí àwọn ènìyàn òun ṣe lè borí, ó jọ̀wọ́ odi ìlú kí wọ́n má baà kú lásán, ó gbààwẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, lẹ́yìn náà ó mu májèlé, ó sì kú. Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn kan pè é ní ẹni tó ru ẹrù tí ọba kò fẹ́ rù. Òpópónà rẹ̀ ní Saigon di Dien Bien Phu, orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Faransé ní ọdún 1954. Ẹni tó ṣe ìyípadà yẹn mọ ohun tó ń sọ dájúdájú.

Àwọn orúkọ tí kì í ṣe ti ènìyàn náà yí padà. Òpópónà Tu Do, ìyẹn Òmìnira, di Dong Khoi, tí í ṣe Ìdìde Gbogbogbò. Cong Ly, ìyẹn Òdodo, di Nam Ky Khoi Nghia, orúkọ ìdìtẹ̀ tó wáyé ní gúúsù ní ọdún 1940. Àwọn ará Saigon fi ìyẹn ṣe ewì ìlà méjì pé nígbà tí Ìdìtẹ̀ Gúúsù dé ni Òdodo ti parun, nígbà tí Ìdìde sì wáyé ni Òmìnira sọnù.

Ngo Dinh Diem fúnra rẹ̀, tó lé àwọn ọ̀gágun Faransé kúrò lára pátákó, kò ní òpópónà kankan. Ṣùgbọ́n Thich Quang Duc, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà tó dáná sun ara rẹ̀ ní oríta kan ní Saigon ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1963 láti tako bí ìjọba Diem ṣe ń ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lára, ní òpópónà ní àdúgbò Phu Nhuan ní ìlú náà, ère rẹ̀ sì wà ní oríta náà. Kò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun fi gbàjọba, tí wọ́n sì pa Diem àti àbúrò rẹ̀ Nhu.

Ìyá_Alákàwé dáhùn pé:

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ti sọ ti ọba àti ti ọ̀gágun tán; ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tó kù wọlé.

Nguyen Du, tó kú ní ọdún 1820, kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti sin àwọn ọba Le. Nígbà tí ìjọba yẹn wó, ó padà wá sin Gia Long, ó sì lọ sí Ṣáínà gẹ́gẹ́ bí aṣojú ọba ní ọdún 1813. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni Truyen Kieu, ewì ẹsẹ̀ 3,254 nípa ọmọbìnrin kan tó ta ara rẹ̀ kí ó lè gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tí ayé sì wá gbá a kiri fún ọdún 15. Chu Nom ni ó fi kọ ọ́, ọnà ìkọ̀wé tí àwọn ọmọ Vietnam fi ń kọ èdè tiwọn, kì í ṣe èdè Ṣáínà tí àwọn ìjòyè kà sí èdè iyì. Àwọn àgbà tí kò mọ̀wé kà rárá a máa ka ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orí. Ho Xuan Huong náà lo Chu Nom ní nǹkan bí àkókò kan náà. Obìnrin ni, ó sì fi ewì tó ní ọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ọkùnrin ọ̀mọ̀wé, àwọn àlùfáà àti àṣà ìkóbìnrinjọ. Òun náà ní òpópónà ní Hanoi.

Ní ti òṣèlú, Phan Boi Chau àti Phan Chau Trinh ni kí Òǹkàwé_Ìtàn kà papọ̀. Àwọn méjèèjì kórìíra ìjọba amúnisìn Faransé, ṣùgbọ́n wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀nà àbáyọ. Phan Boi Chau fẹ́ lo ohun ìjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Japan láti ọdún 1905. Wọ́n mú un ní Shanghai ní ọdún 1925, wọ́n sì sé e mọ́lé ní Hue títí ó fi kú ní ọdún 1940. Phan Chau Trinh gbà pé ẹ̀kọ́ àti òfin ni ó yẹ kí ó ṣáájú, ó sì bẹ̀rù pé ẹni tó bá pe alágbára kan wá lé alágbára mìíràn yóò kàn pààrọ̀ ọ̀gá ni. Nígbà tó kú ní ọdún 1926, ìsìnkú rẹ̀ ní Saigon di ìwọ́de ńlá.

Ọmọ-ọmọ Phan Chau Trinh ni Nguyen Thi Binh, tí a bí ní ọdún 1927. Àwọn Faransé fi í sẹ́wọ̀n ní ọdún 1951 sí 1953. Nígbà ìjíròrò àlàáfíà ní Paris, òun ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba onígbà díẹ̀ ti àwọn ajàjàgbara Gúúsù, nígbà tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1973, nínú àwọn mẹ́rin tó fọwọ́ sí i, òun nìkan ni obìnrin. Le Duc Tho, aṣojú Àríwá, tó bá Kissinger, aṣojú Amẹ́ríkà, jíròrò níkọ̀kọ̀ ni ayé rántí, pàápàá nítorí pé ó kọ ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún yẹn. Síbẹ̀ obìnrin yìí ni ó ń dojú kọ àwọn oníròyìn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ogun, ó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó sì jẹ́ igbákejì ààrẹ láti ọdún 1992 sí 2002. Ohun tó wù mí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé bàbá àgbà rẹ̀ kò gbà kí a lo ohun ìjà, òun sì wà lára àwọn tó lò ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ àti ilé ìwé.

Olólùfẹ́_Orin dáhùn pé:

Ohun tí Akọ̀wé_Àtijọ́ sọ nípa Nguyen Trai kò parí ní ọdún 1464 o. Pípa ẹni run kí a tó fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà ṣì wáyé ní ọ̀rúndún ogún.

Van Cao kọ orin Tien quan ca ní ọdún 1944, nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ fún àwọn Viet Minh, ẹgbẹ́ ajàjàgbara tí Ho Chi Minh darí, orin náà sì di orin orílẹ̀-èdè ní ọdún 1945. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Nhan Van-Giai Pham ní ọdún 1956 sí 1958, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé kan ní Hanoi béèrè fún òmìnira láti kọ ohun tí wọ́n rí, òun náà bọ́ sínú ìyà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní gbogbo àpéjọ ìjọba, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ àwọn orin rẹ̀ yòókù ní gbangba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n tilẹ̀ ṣe ìdíje láti fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò so èso kankan. Ó kú ní ọdún 1995, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ho Chi Minh ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òpópónà rẹ̀ sì wà ní Hanoi.

Trinh Cong Son, ọmọ Hue tó lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ní Gúúsù, kọ orin ìbànújẹ́ nípa ogun, akọrin obìnrin Khánh Ly sì ń bá a kọ wọ́n. Ìjọba Gúúsù fòfin de àwọn orin náà nítorí pé wọ́n ń mú kí ogun sú àwọn ọmọ ogun. Àwọn Kọ́múníìsì náà kò fọkàn tán an, nítorí pé ó pe ogun náà ní ogun abẹ́lé, nígbà tí àwọn ń pè é ní ogun ìdáǹdè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975, ó kọrin ìṣọ̀kan lórí rédíò Saigon, kò sì sá kúrò nílùú bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ oko bá a wí fún àkókò kan. Nígbà tó kú ní ọdún 2001, èrò tó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ kò ṣeé kà. Ó ní òpópónà ní Hue, ó sì tún ní òmíràn ní Hanoi, olú ìlú àwọn tó fura sí i.

Ọ̀gágun Giap fúnra rẹ̀ mọ díẹ̀ nínú ìyà yìí. Olùkọ́ ìtàn ni kí ó tó di jagunjagun. Ọmọ ogun 34 péré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, kò sì tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tó borí ní Dien Bien Phu. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1980 ó fi ipò mínísítà ètò ààbò sílẹ̀, ní ọdún 1982 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ga jù nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, lẹ́yìn náà wọ́n fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ fojú inú wo ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Faransé tó wá ń ṣe ìpàdé lórí iye ọmọ tó yẹ kí ìdílé bí! Síbẹ̀ kò dákẹ́: ní ọdún 2009, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 97, ó kọ lẹ́tà láti tako wíwa bauxite ní àwọn òkè àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ní ẹni ọdún 102, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà tó jáde láti pápákọ̀ òfúrufú Noi Bai.

Òǹkàwé_Ìtàn tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó ṣẹ́gun ló ń kọ pátákó, ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí pé ẹni tó ṣẹ́gun a máa padà wá tún un kọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ti àwọn tó lókìkí lẹ́yìn odi, bíi Thich Nhat Hanh, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, àti ti àwọn àjèjì? Mo rí orúkọ Pasteur àti Yersin lára máàpù Saigon.

Akọ̀wé_Àtijọ́ dáhùn pé:

Thich Nhat Hanh kúrò ní Vietnam ní ọdún 1966 láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà ní Amẹ́ríkà, Martin Luther King sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1967. Ìjọba Gúúsù kò jẹ́ kí ó padà, ìjọba tó wá lẹ́yìn rẹ̀ náà kò jẹ́ kí ó padà, títí di ọdún 2005 tó wá ṣàbẹ̀wò. Ní ọdún 2018 ó padà sí Tu Hieu, ilé ìsìn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Hue, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Bí a bá fi ti Nguyen Trai àti ti Van Cao ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì tuntun.

Ní ti àwọn àjèjì, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ni Pasteur àti Yersin, Yersin sì gbé ní Nha Trang títí ó fi kú ní ọdún 1943, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bínú sí wọn. Alexandre de Rhodes ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì ni, òun ló sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè jáde ní Róòmù ní ọdún 1651, èyí tó gbé ọnà ìkọ̀wé tí gbogbo Vietnam ń lò lónìí kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àlùfáà Portugal bíi Francisco de Pina ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Ní Saigon, wọ́n yọ òpópónà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọdún 1975, wọ́n sì dá a padà ní àwọn ọdún 1990. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ọgbà ìgbafẹ́ tó wà níwájú Ààfin Òmìnira, òpópónà Han Thuyen, akéwì ayé àtijọ́ tí wọ́n sọ pé ó lo Chu Nom fún ewì, sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọdún 2019, ìlú Da Nang dá a lábàá pé kí a fi orúkọ de Rhodes àti de Pina pe òpópónà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kọ̀wé láti tako ó pé iṣẹ́ ẹ̀sìn wọn la ọ̀nà fún àwọn Faransé, àwọn mìíràn sì dáhùn pé èdè tí ẹ fi kọ lẹ́tà yín, ọnà ìkọ̀wé wọn ni ẹ fi kọ ọ́. Ìlú náà yọ orúkọ méjèèjì kúrò nínú àbá rẹ̀.